Ẹnu Ni Wọ́n Fi Ń Polówó: Ìtàn Ọwọ́ Òǹtajà Lára Oníbàárà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn obìnrin kan kó ara wọn jọ ní ìlú Èkó, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn wọ inú ọjà Yábàá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí ni wọ́n bá wá, kì í sì í ṣe ti ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè: kí àwọn òǹtajà yé fi ọwọ́ kàn wọ́n. Damilola Marcus ni ó dá ìpolongo náà sílẹ̀, Market March sì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tajà níbẹ̀ hó lé àwọn obìnrin náà lórí, wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ju nǹkan lù wọ́n.

Àwíjàre àwọn òǹtajà kò ṣòro láti gbọ́, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀nà ìpolówó ni kí ènìyàn fa oníbàárà lọ́wọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá pe obìnrin ní "ìyàwó mi" tí àwọn sì fi ọwọ́ gbá a ní èjìká, ọ̀yàyà ni. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń tajà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun, kí ó jókòó sílé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fara mọ́ ìwà náà ni ó gba apá kan àwíjàre yìí gbọ́, wọ́n sì rò pé àṣà ìbílẹ̀ ni wọ́n ń bá wọ̀dìmú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi di ọ̀rọ̀ ìtàn. Bí a bá tú ìtàn ọjà, ìtàn ìkíni àti ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá wò, ohun tí a óò bá níbẹ̀ ni pé ẹnu ni irinṣẹ́ òǹtajà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba ipò rẹ̀ ni.

Àlejò kan ní ààfin Ọ̀yọ́ Ilé

Ní oṣù Kìíní ọdún 1826, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Àgbádárìgì wọlé, ó sì dé Ọ̀yọ́ Ilé. Hugh Clapperton ni orúkọ rẹ̀. Májọ̀tú ni Aláàfin tí ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Kí àlejò náà tó dé iwájú ọba, ọ̀rọ̀ bí yóò ṣe kí ọba ti di ohun tí wọ́n ń jíròrò lé lórí. Ìdọ̀bálẹ̀ ni àṣà ààfin. Ìjòyè ńlá pàápàá a máa na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja níwájú Aláàfin. Clapperton ní òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ní òun yóò ṣí àkẹtẹ̀ òun, òun yóò tẹrí ba, òun yóò sì bọ ọba lọ́wọ́ bí ó bá wu ọba bẹ́ẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Ṣíṣí àkẹtẹ̀ àti títẹrí ba jẹ́ ohun tí àlejò lè dá ṣe láti ibi tí ó dúró sí, kò sì gba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Bíbọ ọwọ́ ni ó gba ènìyàn méjì. Nítorí náà ó fi ti ọwọ́ sí abẹ́ ìfẹ́ ọba, nígbà tí ó fi ìyókù sí abẹ́ ìfẹ́ ara rẹ̀. Ẹni méjì tí àṣà wọn yàtọ̀ pátápátá fi ẹnu yanjú ọ̀rọ̀ ara kí ara tó kan ara.

Bí a bá sì wo ìkíni Yorùbá fúnra rẹ̀, a óò rí i pé láti ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀, àgbà sì dáhùn láti orí ìjókòó rẹ̀. Ọ̀wọ̀ kún inú ìkíni yìí, ìfẹ́ pẹ̀lú kún inú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ìfọwọ́kanni níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá tilẹ̀ máa kan ara, àgbà ni yóò na tirẹ̀ láti gbé ọmọ dìde tàbí láti gbá a lẹ́yìn pẹ̀lú àdúrà. Ọmọdé kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà.

Ọjà tí ẹnu ń darí

Nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, a kà pé iwájú ààfin ni ọjà tí ó gbajúmọ̀ jù ní ìlú máa ń wà. Ọjà ọba ni wọ́n ń pè é títí di òní ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ibi tí ojú ọba wà kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni lè ti máa wọ́ ọmọ ọlọ́mọ láṣọ kiri. Ẹni tí wọ́n bá di aṣọ rẹ̀ mú lójú ọjà, olè tàbí ajigbèsè ni àwọn èrò yóò pè é lọ́kàn wọn. Ìtìjú ńlá ni.

Ẹnu ni ó ń ṣe iṣẹ́ ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ìpolówó jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ kà mọ́ ara àwọn ewì alohùn Yorùbá. Obìnrin tí ń kiri ẹ̀kọ, ọ̀lẹ̀lẹ̀ tàbí iṣu sísè yóò fi ohùn dídùn sọ bí ọjà rẹ̀ ṣe gbóná tó, bí epo inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti irú ẹni tí yóò jẹ ẹ́ tí inú rẹ̀ yóò dùn. Ẹni tí ó wà nínú yàrá yóò gbọ́ ọ, itọ́ yóò sì yọ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rí olóhùn náà rárá. Oníbàárà yóò pe olóhùn, olóhùn yóò sọ ẹrù kalẹ̀, ìnájà yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ìnájà náà, ẹnu ni. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni ó ń jèrè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkíni iṣẹ́. Bí ènìyàn bá kọjá lọ́dọ̀ ẹni tí ń tajà, yóò kí i pé "Ajé á wọ̀gbá." Bí ó bá bá onídìrí lórí iṣẹ́, yóò kí i pé "Ojú gbooro." Alágbẹ̀dẹ, aláró, ahunṣọ àti àgbẹ̀, olúkúlùkù ni ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti ìdáhùn tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe ètò ìkíni yìí mọ̀ pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ń bá a ṣòwò nílò ìfararora, wọ́n sì pèsè ọ̀rọ̀ fún un. 

Kódà ibi tí ìjà ti lè ṣẹlẹ̀ ní ètò. Johnson ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ológò gba gbèsè. Ológò yóò wọ ilé ajigbèsè, yóò jókòó pa síbẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa bèèrè oúnjẹ, yóò sì sọ ilé di ohun tí kò ṣe é gbé títí wọn yóò fi san owó. Ìyọlẹ́nu pátápátá ni iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ìjókòó rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ni ohun ìjà rẹ̀, ìlú sì mọ̀ pé ó ní ìdí tí wọ́n fi rán an. Òǹtajà tí oníbàárà kò jẹ ní kọ́bọ̀ kò ní ìdí kankan láti yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ tí kò ṣe é ṣe láìfọwọ́kanni

Ẹnìkan lè sọ pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n lè fi ẹnu ṣe. Òótọ́ ni. Onídìrí kò lè di ṣùkú tàbí kòlẹ́sẹ̀ láìfọwọ́ kan orí. Onígbàjámọ̀ ní láti di orí mú kí abẹ má baà ya ènìyàn. Agbẹ̀bí ń fọwọ́ kan ibi tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wò. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìránṣọ dé, télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi téèpù wọn àyà àti ìbàdí.

Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí gan-an ni ó fi òfin ọwọ́ hàn jù lọ. Orí kì í ṣe ẹ̀yà ara lásán lójú Yorùbá. Orí ni ó ń gbé ìpín ènìyàn, wọn kì í sì í gbé e lé ọwọ́ ẹni tí wọn kò fọkàn tán. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń lo onídìrí kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí oníbàárà bá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ onídìrí, ó ti fún un ní àṣẹ lórí irun rẹ̀ títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Kò fún un ní àṣẹ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni télọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń sọ ibi tí ó fẹ́ wọ̀n kí ó tó wọ̀n ọ́n, tàbí kí ó pe obìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti bá a wọn àyà obìnrin. Àṣẹ tí oníbàárà fún wọn ní ibi tí ó mọ sí, ó ní iṣẹ́ tí ó wà fún, ó sì ní àsìkò tí ó ń parí.

Àwọn oníṣẹ́ tí ó súnmọ́ ara jù ni ó ṣọ́ ọwọ́ wọn jù, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tí oníbàárà bá fura sí ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ tán. Òǹtajà aṣọ tàbí bàtà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò béèrè ìfọwọ́kanni rárá, kò lè wá rí àwíjàre fà yọ láti ara iṣẹ́ wọn.

Bíbọ ọwọ́ àti aṣọ funfun agbáwo

Bíbọ ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí ìkíni ojoojúmọ́ tàn kálẹ̀ pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì, lẹ́yìn tí àwọn ajíhìnrere ti dé Àgbádárìgì ní ọdún 1842, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Yorùbá gba àṣà náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin ara wọn dè é. Àgbà ni yóò kọ́kọ́ na ọwọ́. Ọmọdé tí àgbà bá na ọwọ́ sí yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, yóò sì tẹrí ba. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ ni kì í bọ ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ lọ́wọ́ bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin. Wọn yóò gbé ọwọ́ lé àyà wọn, wọn yóò rẹ́rìn-ín, ìkíni sì ti pé. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ládùúgbò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń bínú sí i.

Ilé ìtura ńlá náà dé pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀. Wọ́n ṣí Federal Palace Hotel ní Èkó ní ọdún òmìnira, 1960. Wọ́n ṣí Premier Hotel sórí òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ní ọdún 1966. Ìlànà iṣẹ́ agbáwo tí wọ́n kọ́ láti ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí agbáwo wọ aṣọ funfun tí ó le, kí ó dúró díẹ̀ sí ẹ̀yìn àga, kí ó tẹ̀ síwájú nígbà tí wọ́n bá pè é. Ìlànà yìí ní àbùkù tirẹ̀, nítorí pé inú ètò ọ̀gá àti ìránṣẹ́ ni ó ti jáde, tí wọ́n sì ń pe àgbàlagbà ọkùnrin ní "bọ́ọ̀yì." Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó ṣọ̀fọ̀ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ìgbéraga kúrò nínú rẹ̀, ohun tí ó ṣẹ́kù ni ohun tí ìkíni Yorùbá ti ń kọ́ni tẹ́lẹ̀: pé ènìyàn lè ṣe ìtọ́jú ẹlòmíràn dáadáa láìfọwọ́ kàn án.

Bí ọwọ́ ṣe gba ipò ẹnu

Níbo wá ni fífà oníbàárà lọ́wọ́ ti wá? Ìlú ńlá ni ó bí i, àìríṣẹ́ṣe sì ni ó tọ́ ọ dàgbà. Ní ọdún 1986, ìjọba ológun Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP. Iye náírà já wálẹ̀, iṣẹ́ ìjọba dínkù, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ti ìlẹ̀kùn. Aṣọ òkìrìkà, bàtà àlòkù àti ọjà olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè kún inú ọjà. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ rọ́ lọ sí Yábàá, Balógun àti Ọ̀ṣòdì láti wá oúnjẹ òòjọ́.

Púpọ̀ nínú wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí. Iṣẹ́ wọn ni láti mú oníbàárà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù nínú, kí wọ́n sì fi èrè tiwọn lé iye tí onítọ̀hún dá lé ọjà. Bí oníbàárà bá bá ẹlòmíràn lọ, wọn kò rí nǹkan kan. Ọjà tí ọ̀kan ń tà kò sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Kí ni wọn yóò polówó? Wọn kò lè sọ pé bàtà àwọn ni ó dára jù, nítorí pé bàtà kan náà ni. Ohun tí ó kù tí wọ́n lè jà lé lórí ni oníbàárà fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ dì í mú ni ó jọ pé ó ni ín. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀, níbi tí kọ̀ndọ́kítọ̀ méjì ti lè máa fa èrò kan ṣoṣo síwá sẹ́yìn, tí wọ́n á sì gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó sọ ibi tí ó ń lọ.

Wọ́n ń fa ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú obìnrin ń rí yàtọ̀. Ọwọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ a máa rìn dé ìbàdí. Bí obìnrin bá yọ ara rẹ̀, ẹni tí ń pè é ní arẹwà ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìrísí rẹ̀. Ibẹ̀ ni òtítọ́ ti máa ń hàn. Ọ̀yàyà tí ó di èébú lójú ẹsẹ̀ nítorí pé wọ́n kọ̀ ọ́, kì í ṣe ọ̀yàyà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún tí gbogbo Èkó ká ọwọ́ kò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè kọ ìfọwọ́kanni láìdá ìjà sílẹ̀. Ọdún 2014 já irọ́ yìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola láti Liberia wọ Èkó. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn sì kú. Lára wọn ni Dókítà Ameyo Adadevoh, ẹni tí ó kọ̀ kí Sawyer jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ gba ìlú là.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Èkó tí kì í yé gbá ara mọ́ra kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láti ọ̀ọ́kán. Àwọn ilé ìjọsìn kan dá bíbọ ọwọ́ dúró. Òṣìṣẹ́ báńkì tẹrí ba fún oníbàárà. Ẹni tí wọ́n na ọwọ́ sí lè gbé tirẹ̀ sókè kí ó sì juwọ́, ẹni tí ó na ọwọ́ yóò rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà, ọwọ́ tún padà sójú iṣẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, àrùn COVID-19 dé, ẹ̀kọ́ kan náà sì tún wáyé.

Àjàkálẹ̀ méjèèjì fi hàn pé ìkíni kò kú nígbà tí ọwọ́ kúrò nínú rẹ̀, òwò kò sì parẹ́. Ohun tí ó yí padà ni pé gbogbo ènìyàn gbà pé ẹni tí ó kọ ọwọ́ ní ìdí. Bí ìbẹ̀rù ikú bá lè mú kí àwùjọ bọ̀wọ̀ fún "rárá" ẹnìkan, a jẹ́ pé agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwùjọ láti ìgbà yìí wá.

Òfin, àti àwọn olórí ọjà

Nígbà tí àwọn obìnrin rìn wọ Yábàá ní ọdún 2018, òfin ti wà nílẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 tí wọ́n sì tún tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lè jẹ́ èrè ẹni tí ó bá fi ìṣekúṣe yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ní ọdún 2015 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí òfin VAPP tí ó tako ìwà ipá sí ènìyàn. Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá ikọ̀ tí ń rí sí ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2014, wọ́n sì sọ ọ́ di àjọ ìjọba ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú ọmọkùnrin tí ó fa òun lọ́wọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nígbà tí ó ti wọ inú èrò lọ kí obìnrin náà tó yí ojú padà?

Ìtàn ọjà Èkó tọ́ka sí ibi tí agbára tí ó yá jù wà. Ọjà ní ìjọba tirẹ̀. Alimotu Pelewura, tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó títí di ìgbà ikú rẹ̀ ní ọdún 1951, kò kàwé, síbẹ̀ ó kó àwọn obìnrin jọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1940 láti tako owó orí tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì tún dojú ìjà kọ ètò ìjọba lórí iye owó oúnjẹ nígbà ogun àgbáyé kejì. Bí ìyálọ́jà bá lè mú kí ọjà ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kan, kò sí ìdí tí àṣẹ ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà kò fi lè ká ọwọ́ ọmọkùnrin kan kò. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń mú oníbàárà wá fún náà ní agbára: bí kò bá gba oníbàárà tí wọ́n wọ́ wá, wọn yóò yé wọ́ wọn.

Nígbà tí ọwọ́ náà jẹ́ ti ìfẹ́

Gbogbo ọwọ́ kọ́ ni ọwọ́ ìbàjẹ́. Màmá olóúnjẹ tí ó ń dì mọ́ oníbàárà rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ tí ó ti rí i, onídìrí tí ń fọwọ́ pa ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, agbáwo tí ń gbá àlejò ní èjìká bí ẹni tí ń kí ọ̀rẹ́: kò sí èrò búburú lọ́kàn wọn. Oníbàárà tí kò fẹ́ ẹ a sì máa dákẹ́, nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní agbéraga. Yóò fara dà á títí ọjọ́ tí kò ní lè fara dà á mọ́, yóò sì yí ilé oúnjẹ padà láìsọ ìdí. Màmá olóúnjẹ pàdánù oníbàárà, kò sì mọ ohun tí òun ṣe. Èyí kò ṣe ẹni méjèèjì lóore.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ó bá sọ fún màmá náà ní ìdákọ́ńkọ́, kí ó tó dì mọ́ ọn, pé "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ìkíni yín ti tó mi, n kì í fẹ́ kí wọ́n dì mọ́ mi," ti ṣe ohun tí Clapperton ṣe ní Ọ̀yọ́ Ilé: ó ti fi ẹnu yanjú ọ̀rọ̀ ara kí ara tó kan ara. Kò ní láti ṣàlàyé ìdí. Bí ó bá sì fi ìkíni gidi rọ́pò ìdìmọ́ra, tí ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, tí ó yin ọbẹ̀, màmá yóò mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n kọ̀. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó ń ṣe é léraléra lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fún un, ọ̀gá rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe pé kí wọ́n dójú tì í níwájú èrò. Oúnjẹ òòjọ́ ẹni náà wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, èébú ìta gbangba sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá jẹ́ ọwọ́ ìṣekúṣe, ìdákọ́ńkọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Kí ẹni tí wọ́n ṣe é sí gbé ohùn sókè, kí àwọn tí ó wà nítòsí dá sí i.

Àwọn tí ó wà nítòsí yìí ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Ní ọjà Yábàá, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà obìnrin ni ó jókòó ti ọjà wọn tí wọ́n sì ń wo bí wọ́n ṣe ń fa ọmọbìnrin kiri láti ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n mọ orúkọ àwọn ọmọkùnrin náà. Wọ́n mọ ìyá àwọn mìíràn nínú wọn. Òwe tí Yorùbá fi tọ́ka sí iṣẹ́ àgbà ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìpè kan ṣoṣo láti ẹnu irú àgbà bẹ́ẹ̀, pé "Sùnmọ́nù, yọwọ́ lára ọmọ yẹn," yóò ṣe iṣẹ́ tí ọlọ́pàá kò lè ṣe, kí oníbàárà náà tó dé òpin ìlà ṣọ́ọ̀bù.